Ìpáàrà Abẹ́ Ọkọ̀: Ìtàn Ṣáàsì Land Rover àti Àwọn Tí Ó Ń Tún Un Ṣe

Bí a bá ṣí ìwé tí ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ kan, orúkọ àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. A ó kà nípa onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán rẹ̀, nípa ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́, àti nípa ọdún tí a kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé wò. Ìwé náà yóò sì parí láìdárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà nígbà tí ó pé ogún ọdún, tí wọ́n ń fi iná jó irin tuntun mọ́ irin tí ó ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láìsí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń kọ ìtàn wọn ìbá ti di pàǹtírí lórí ààtàn. Abẹ́ ọkọ̀ ni àròkọ yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀, níbi tí ojú kì í sábà tó.

Ọkọ̀ tí a ní lọ́kàn ni Land Rover, èyí tí ẹnu wa ti sọ di Lándírófà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbà tí ó ń ka ìwé yìí yóò rántí pé òun ni ọkọ̀ ọlọ́pàá, òun ni ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, òun náà sì ni ó ń gbé àwọn dókítà wọ ìletò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára. Kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ìjókòó rẹ̀ le, ooru ẹ́ńjìnnì a sì máa jó ẹsẹ̀ awakọ̀. Ṣùgbọ́n ó lókìkí kan tí ó tàn ká gbogbo ayé, pé kì í gbó bọ̀rọ̀, nítorí pé àlùmíníọ̀mù ni a fi ṣe ara rẹ̀, àlùmíníọ̀mù kì í sì í dógùn-ún bí irin. Òótọ́ wà nínú okìkí náà, àmọ́ kò pé. Irin pọ́ńbélé ni ohun tí ó gbé àlùmíníọ̀mù náà dúró.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun náà parí ní 1945, irin wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ni ó ń pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì ń ta ọjà sí òkè òkun ni ó ń rí èyí tí ó pọ̀ gbà. Ilé-iṣẹ́ Rover, tí ó ń rọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún àwọn ọlọ́lá kí ogun tó dé, kò ní ohun tí ó lè tà sókè òkun lọ́pọ̀ yanturu. Maurice Wilks ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Spencer Wilks, ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pátápátá. Maurice ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, Jeep àlòkù tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ni ó sì ń lò níbẹ̀. Ìtàn sọ pé ní 1947, ní etí òkun Red Wharf Bay, ó fi igi ya àwòrán ọkọ̀ àgbẹ̀ kan sórí iyanrìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1948, a gbé ọkọ̀ náà jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní ìlú Amsterdam. £450 ni owó rẹ̀. Ìlú Solihull, lẹ́bàá Birmingham, ni a ti ń rọ ọ́.

Nítorí pé irin kò tó, àdàlù àlùmíníọ̀mù tí a ń pè ní Birmabright ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù kò wọ́n nígbà náà, nítorí pé a kò rọ ọkọ̀ òfuurufú ogun tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè fi àlùmíníọ̀mù ṣe egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ tí yóò máa gun òkè, tí yóò máa la àfọ̀ kọjá. Ṣáàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ irin. Kò sì sí owó láti ra àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí í tẹ irin sí oríṣiríṣi ìrísí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé irin pẹlẹbẹ sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n kó o pọ̀ bí ìgbà tí káfíńtà ń kan àpótí tóóró, wọ́n sì jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Méjì irú àpótí gígùn bẹ́ẹ̀ ni ó lọ láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, àwọn mìíràn sì dábùú wọn bí ìgbésẹ̀ àkàbà. Ọgbọ́n àìríná-àìrílò ni, ọgbọ́n gidi sì ni: àpótí náà fẹ́rẹ̀, ó le, kò sì náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfìfo ni inú rẹ̀.

Láti ẹ̀gbẹ́ àwọn àpótí gígùn yìí ni àwọn apá kan ti yọ síta, lọ́tùn-ún àti lósì. Apá ṣáàsì ni n ó máa pè wọ́n nínú àròkọ yìí. Àwọn ni wọ́n gbé ilẹ̀ ọkọ̀ dúró. Lórí méjì tí ó wà níwájú ni ẹsẹ̀ ògiri irin tí ó pín ẹ́ńjìnnì níyà kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀ jókòó lé, ògiri yìí ni ilẹ̀kùn sì rọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí apá ṣáàsì iwájú bá jẹrà, kì í ṣe ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé nìkan ni yóò mì. Ògiri yóò rì díẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́, ọ̀pá tí ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú pàápàá yóò sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí kò fẹ̀ ju ìbú ọwọ́ méjì lọ ni ó ń fa gbogbo èyí.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí irin ti ń jẹrà, nítorí pé bí a kò bá mọ èyí, iṣẹ́ àwọn tí ń tún un ṣe kò ní yé wa. Ìpáàrà ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì pè é. Dógùn-ún ni àwa ń wí lójoojúmọ́. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń fà á, iyọ̀ sì ni ó ń mú un yára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì níbẹ̀, iyọ̀ yìí ni táyà sì ń fọ́n sábẹ́ ọkọ̀. Ẹrẹ̀ a máa dì sórí apá ṣáàsì, a máa gba ihò kéékèèké wọ inú àpótí, a sì dúró síbẹ̀ ní tútù fún oṣù púpọ̀. Ọ̀dà tí a fi kun ìta kò dé inú. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: láti inú ni irin náà ti ń jẹrà bọ̀ wá síta. Ìgbà tí ẹni tí ó ni ín yóò bá fi rí ihò àkọ́kọ́, inú ti tán. Ìpáàrà sì tún ní ìwà kan, pé ó gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wà láàrin irin méjì tí a dì pọ̀, yóò wú, yóò sì fipá ya wọ́n nípá.

Àlùmíníọ̀mù tí à ń yìn náà kò bọ́ pátápátá. Níbi tí ó bá ti fara kan irin, tí omi iyọ̀ sì wà láàrin wọn, àlùmíníọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ jẹ, yóò sì di ìyẹ̀fun funfun. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ Defender nìyí ní apá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọ̀pá irin wà lábẹ́ ilẹ̀ àlùmíníọ̀mù. Ọ̀pá ń dógùn-ún, ilẹ̀ tí ó jókòó lé e lórí sì ń lọ. Ẹni tí ó bá pa ọ̀pá náà dà láìfi ohun kan sí àárín méjèèjì yóò tún padà wá.

Ọgbọ́n kan wà tí ìbá ti dín wàhálà yìí kù, àwọn tí ó dá ọkọ̀ náà sílẹ̀ sì mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Land Rover ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tí a fi dán an wò kí a tó máa rọ ọ́ fún títà, ní ṣáàsì tí a rì bọ inú síńkì yíyọ́. Síńkì ni yóò máa jẹ ìyà dípò irin, bí ó ti rí lára páànù tí a fi ń bo ilé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọkọ̀ náà lọ́pọ̀ fún ọjà, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ṣáàsì. Ó dín owó kù ní 1948, èyí sì yé ni: Rover ń wá bí yóò ti wà láàyè di ọdún tí ó ń bọ̀, kò ro ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí wọ́n fi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ti di olówó fún wọn, nígbà tí Series II dé ní 1958, tí Series III dé ní 1971, títí tí orúkọ Defender fi dé ní 1990. Owó tí ilé-iṣẹ́ kò ná ni àwọn tí ó ra ọkọ̀ náà ń ná lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ń jó irin.

Òfin ni ó sọ títún apá ṣáàsì ṣe di iṣẹ́ tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹsàn-án, 1960, nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún 10 wò. Ní 1961 wọ́n sọ ọ́ di ọdún 7. Ní 1967 wọ́n sọ ọ́ di ọdún 3. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn Land Rover àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún 10 sí 12 nígbà tí òfin yìí dé. Bíréèkì, iná àti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ni àyẹ̀wò náà dá lé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n tó fi ara ọkọ̀ àti ṣáàsì kún un. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ wò ti ń fi àtàǹpàkò tẹ irin abẹ́ ọkọ̀, tí ó ń fi ohun èlò kékeré lù ú. Irin tí ó pé a máa dún gooro. Èyí tí ó ti jẹrà a máa dún pọ̀ọ̀. Bí ìjẹrà bá wà láàrin ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí a so àwọn ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là mọ́, bí ìgbànú ìjókòó tàbí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ náà kò yege. Irin tí a bá sì fi dí i gbọ́dọ̀ jẹ́ jíjó yíká láìdá ibì kan sí. Bí iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ṣe kúrò ní ti ẹni tí ó bá wù nìyẹn.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò sọ pé ohun tí a ń ṣe kí a tó tan iná ni ó pọ̀ jù. A ó gbé ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, a ó sì fi òpó irin tì í nídìí. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. A ó tú okùn bátìrì, nítorí pé iná tí a fi ń jó irin lè ba àwọn ohun èlò iná inú ọkọ̀ jẹ́. Táńkì epo ni ó kàn. Lára Land Rover kúkúrú ti àtijọ́, abẹ́ ìjókòó iwájú ni táńkì wà, kò jìnnà sí apá ṣáàsì rárá. Yíyọ ni a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Táńkì tí a ti da epo inú rẹ̀ nù kì í ṣe ohun tí a lè fọkàn tán, nítorí pé ooru epo tí ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni í bú gbàù.

Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣí ilẹ̀ ọkọ̀. Àwọn pátákó tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé kì í ṣe ohun tí a jó mọ́ra. Bóòtù ni a fi dè wọ́n, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó mú kí títún ọkọ̀ yìí ṣe ṣeé ṣe fún ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ bóòtù tí ó ti dógùn-ún kì í gbọ́ ti sípánà. A ó da epo sí i, a ó sùn, a ó jí. Bí ó bá ṣì kọ̀, a ó fi iná yá a. Bí ó bá tún kọ̀, a ó gé e. Mo gbọ́ tí àgbà mẹkáníìkì kan ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé bóòtù tí ó ṣẹ́ ti sọ iye ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti bojú wo ibẹ̀.

Kí ayùn tó kan irin, a gbọ́dọ̀ wọn ọkọ̀ náà. Láti igun iwájú lọ́tùn-ún dé igun ẹ̀yìn lósì, àti láti igun iwájú lósì dé igun ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí wọn kò bá bára mu, ṣáàsì náà ti wọ́, bí a bá sì jó apá tuntun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, wíwọ́ náà ni a jó di títí láé. A ó fi ọ̀pá irin kan ti ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí ògiri iwájú má baà sún. Apá kan ṣoṣo ni a sì ń gé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá gé apá ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ nítorí ìkánjú ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba òdiwọ̀n tí ì bá fi mọ ibi tí apá tuntun yóò wà jẹ́.

Gígé náà ni ó le jù, kì í ṣe jíjó. Irin ṣáàsì kò nípọn ju bí i mìlímítà 2 lọ, apá tí ó ti jẹrà sì wà lára àpótí gígùn tí ó ṣì dára. Bí a bá gé wọ inú àpótí náà, a ti dá kún iṣẹ́. Bí a kò bá sì gé dé ibi tí irin ti dára, orí ìjẹrà ni a ó jó irin tuntun lé. Nítorí náà, oníṣẹ́ a máa gé, a máa fi ẹ̀rọ họ ọ́, a máa wò, a tún gé díẹ̀ sí i, títí irin yóò fi máa dán bí fàdákà yíká. Bí ó bá rí i pé ìjẹrà ti wọ ẹ̀gbẹ́ àpótí, yóò gé ojú ibẹ̀ kúrò ní igun mẹ́rin gééré, yóò sì kọ́kọ́ fi irin titun dí i kí ó tó dé orí apá.

Nígbà tí a bá gbé apá tuntun sí àyè rẹ̀, a kò ní jó o pa lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kàn án mọ́ra ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, a ó dá ẹsẹ̀ ògiri padà lé e, a ó ki bóòtù bọ ojú ihò rẹ̀, a ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn ni yóò dájọ́. Bí àlàfo rẹ̀ bá dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, a lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá dọ́gba, a ó tú u, a ó tún un gbé. Jíjó pàápàá, ní kúkúrú kúkúrú ni, kí ooru má baà fa irin wọ́: a ó jó ìwọ̀n ìka méjì níhìn-ín, a ó bọ́ sí òdìkejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé a ti fi síńkì bo apá tuntun náà, a gbọ́dọ̀ họ síńkì kúrò ní etí ibi tí iná yóò kàn, kí a sì ṣe iṣẹ́ náà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èéfín síńkì a máa dá ibà sí ẹni tí ó bá fà á símú lára ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìparí iṣẹ́ ni kíkun ọ̀dà síta àti fífọ́n òróró tí ó ki bí ìda sínú àpótí, ibi tí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ kò dé láti 1948.

Irú iṣẹ́ kejì wà, tí ó rọrùn, tí ó sì wọ́pọ̀. Ẹni tí ń ṣe é a máa fi irin pélébé bo ojú ihò, a máa fi iná kàn án lábàwọ́n, a sì fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo rẹ̀. Lójú, ó dára. Àmọ́ omi yóò há sáàárín irin tuntun àti ti àtijọ́, ìpáàrà yóò sì máa jẹ wọ́n láti àárín. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Irú oníṣẹ́ yìí ń fi owó ẹlòmíràn la ògiri. Àwọn tí ó ń tú irú ṣáàsì bẹ́ẹ̀ a máa bá ìpele irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú òǹkọ̀tàn, àkọsílẹ̀ ni ìpele wọ̀nyí jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ ìwà àìdáa.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà gbà. A kì í da iyọ̀ sójú títì níhìn-ín. Ọkọ̀ tí ó bá lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Òkè Ọya, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, a máa ní ṣáàsì tí ó pé ju ti ọkọ̀ tí ó gbé ní etí òkun Èkó lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé iyọ̀ wọ inú ohun gbogbo. Ní 1976 ni a dá Leyland Nigeria sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀. Àsìkò kan náà ni ti Volkswagen ní Èkó àti ti Peugeot ní Kàdúná, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ìrètí pọ̀ nígbà náà pé títò pọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, tí a ó sì dé orí rírọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́n gógó owó ilẹ̀ òkèèrè dé, lẹ́yìn ètò SAP ti 1986 náírà já wálẹ̀, àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtòkọ̀ wọ̀nyí rọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí kò rọ ni àwọn tí ó wà lábẹ́ igi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wẹ́dà ibẹ̀ kò rí apá ṣáàsì tí a ti ṣe sílẹ̀ rà. Irin pẹlẹbẹ ni yóò rà, tàbí kí ó gé e lára ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti kú, yóò fi òòlù àti ojú ṣẹ́ ẹ sí ìrísí apá, yóò sì jó o mọ́ra. Bí iná mànàmáná bá wà, yóò lo ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé àwọn ará ilé wa ni ó wé okùn bàbà inú rẹ̀. Bí kò bá sí, yóò da omi sí kábáídì nínú àgbá, gáàsì tí ó bá jáde ni yóò fi jó irin. Ewu wà nínú àgbá kábáídì; ó ti bú gbàù pa àwọn ènìyàn. N kò ní pọ́n iṣẹ́ náà ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé irú iṣẹ́ kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù ṣe apá ṣáàsì, tí ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn náà, ti padà ṣe ohun tí àwọn ará Solihull ṣe ní 1948, nígbà tí àwọn náà kò ní ẹ̀rọ tí í tẹ irin. Kò sí ìwé tí ó kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá, láti orí orúkọ irin dé orí orúkọ ìró tí irin ń dún, ẹnu àwọn ọmọ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n wà.

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Nígbà tí ìjẹrà bá ti pọ̀ jù, a lè pa ṣáàsì odindi dà, kí a sì fi èyí tí a rì bọ síńkì rọ́pò rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ni àwọn kan ń wí. Àwọn mìíràn ní bí ṣáàsì bá lọ, ọkọ̀ náà ti lọ. Ẹlòmíràn ni ó wọ aṣọ rẹ̀. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí a gbé lọ sí Amsterdam ní 1948. Wọ́n ti lò ó títí di àwọn ọdún 1960, ó ti wà nínú pápá kan ní Wales fún nǹkan bí ogún ọdún, kí ó tó wá di ohun tí a pa tì nínú ọgbà ilé kan nítòsí Solihull. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a rì ṣáàsì wọn bọ síńkì. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé àwọn kò ní kùn ún di tuntun: ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí a fi kùn ún ní 1948 yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àpá rẹ̀. Ní tèmi, ìpinnu náà tọ́ fún ohun tí ó jẹ́ ọ̀kan péré nínú irú rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí àgbẹ̀ fi ń kó iṣu kò lè fi àpá ṣe ọ̀ṣọ́. Apá tí yóò gbé ilẹ̀ rẹ̀ dúró ni ó nílò.

Ọkọ̀ kan wà tí ó la ọ̀nà méjèèjì kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án, 1955, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà láti Yunifásítì Oxford àti ti Cambridge gbéra ní London pẹ̀lú Land Rover méjì, wọ́n sì wọ Singapore ní oṣù kẹta, 1956. Oxford ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Cambridge ni èkejì. Cambridge já sí kòtò jíjìn lẹ́yìn ìrìn-àjò náà. Oxford bá àwọn tí ó lọ wo ẹyẹ dé erékùṣù Ascension, láti ibẹ̀ ó dé Saint Helena láàrin agbami Àtìláńtíìkì, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Ní 2017 ni wọ́n gbé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ, 2019, ó gbéra ní Singapore, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ London ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ìwé ìròyìn kún fún orúkọ àwọn tí ó wà á.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, 2016, Defender tí ó kẹ́yìn jáde ní Solihull. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un ni H166 HUE, ní ìrántí HUE 166, tí a kà sí àkọ́bí gbogbo wọn. Láti ọdún náà, kò sí irú ṣáàsì alákàbà bẹ́ẹ̀ tí ó tún jáde níbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tuntun tí ó jogún orúkọ Defender kò ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ṣáàsì fún ọkọ̀ tí a rọ ní 1958 ṣì wà lọ́jà di òní. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni ó ń ṣe é: wọ́n ń gé irin pẹlẹbẹ, wọ́n ń jó igun rẹ̀ pọ̀ di àpótí, ọ̀pọ̀ wọn sì ń rì í bọ síńkì kí wọ́n tó tà á.